Àwọn Ìbọn Bọ́mà Alhaji Sàláhúdéènì

Ẹ̀yin tí ẹ ti rìn jìnnà, ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń dìde fún ọba. Ẹ ti rí ibi tí wọ́n ti ń dìde fún adájọ́, àti ibi tí wọ́n ti ń dìde fún òkú tí wọ́n ń gbé kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá tíì dé Prince George's County ní Maryland, kí ẹ bá mítìn-ìn Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Mùsùlùmí Ọmọ Yorùbá pàdé lọ́jọ́ Sunday, ẹ ò tíì rí ibi tí àgbààgbà ti ń dìde fún àpótí.

Àpótí pákó ni, ó ń dán gbinrin, kọ́kọ́rọ́ kékeré ló wà lẹ́nu rẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé e wọ họ́ọ̀lù tí ẹgbẹ́ ń háyà ní Springdale, Abdulqoyyum tó jẹ́ sẹ́kítírì á fò sókè bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ jẹ nídìí.

"Bọ́mà ń bọ̀ o! Ẹ dìde fún ìtàn!"

Gbogbo wọn á dìde. Màmá tí orúnkún ń dùn á dìde. Nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú, tí oorun ti pa bí ọtí, á dìde. Lẹ́yìn àpótí ni ẹni tó ni í á tó wọlé, agbádá rẹ̀ á máa bá wọn gbálẹ̀ họ́ọ̀lù lọ́fẹ̀ẹ́. Alhaji Sàláhúdéènì nìyẹn, Ààrẹ ẹgbẹ́.

Kó tó di Ààrẹ, jẹ́ẹ́jẹ́ ló ń lọ. Bowie ló ń gbé. Láàárọ̀ á wa mọ́tò dé New Carrollton, á wọ tíréènì lọ síbi iṣẹ́, á sùn, á lanu, ẹnikẹ́ni ò ní kí i kú ìrìn. Lẹ́yìn Ọlọ́run àti Mujeebah ìyàwó rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ràn láyé: ìbọn ìléwọ́ tí àwọn sójà àtijọ́ lò. Kì í yìn wọ́n o. Kò ra ọta rí. Ìtàn wọn ló ń wá. Á gbé dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá sójú, á ka nọ́ńbà tí wọ́n gbẹ́ sára irin, á wo adé ọba òyìnbó tí wọ́n fi òòlù tẹ̀ mọ́ ọn, á wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó irú rẹ̀ jọ ní London àti ibòmíì, títí á fi mọ ọdún tí wọ́n rọ ọ́, ẹni tó gbé e, àti ogun tó bá a lọ. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹlòmíì ń kó bàtà jọ, ẹlòmíì ń kó ìyàwó jọ. Ìbọn kúkú kì í jowú.

Mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan jẹ́ ti àwọn òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníhò mẹ́fà, ìdí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú díẹ̀ níbì kan. Ọ̀kan jẹ́ ti Japan. Ọ̀kan jẹ́ ti Jámánì. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ibi ìpàtẹ ohun àtijọ́ ló ti rà wọ́n, Mujeebah ló sì wakọ̀ lọ gbogbo ibẹ̀, torí ọkọ rẹ̀ kì í lè wo ojú ọ̀nà tí ìbọn bá ti wọ ọ́ lórí.

Ọjọ́ ìbò ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan tó fẹ́ du ipò Ààrẹ dìde, ó ní bàbá òun kọ́ mọ́sálásí sí Ìbàdàn. Àtẹ́wọ́ ròkè. Ó wá kan Sàláhúdéènì. Kí ló fẹ́ sọ? Bàbá tirẹ̀, Ìdrís, télọ̀ ni ní Ìsẹ́yìn. Ìgbà tó máa la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó jáde ya òun gan-an lẹ́nu.

"Èmi, bàbá bàbá mi, Jàfárù, jà ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì! Ìbọn rẹ̀ wà nílé mi!"

Họ́ọ̀lù hó yèè. Mọ́sálásí Ìbàdàn wó lójú ẹsẹ̀. Sàláhúdéènì wọlé.

Irọ́ dà bí ọmọ: tó o bá bí ọ̀kan, á ní òun ń fẹ́ àbúrò. Nígbà tó yá, ìbọn Japan náà di èyí tí Bàbá Jàfárù gbà lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tó tún yá, ti Jámánì náà dé Bọ́mà. Ẹ má bi mí ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ẹnì kan bi Ààrẹ lọ́jọ́ kan, wọ́n yọ ọ́ kúrò ní kọmitíì oúnjẹ.

Gbogbo mítìn-ìn ni Ààrẹ fi ń sọ ìtàn yìí, àpótí á wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Òjò Bọ́mà kì í dá! Ọjọ́ tí Jàfárù ọmọ Ìsẹ́yìn fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, òjò dá! Ẹkùn yọ nínú igbó, ó rí i, ó sálámà sí i! Igba sójà Japan yí i ká. Ọta tán nínú ìbọn rẹ̀. Ṣé ó sá?"

"Kò sá!"

"Ó yí ìdí ìbọn síwájú, ó fi kan ọ̀gá wọn lágbárí! Ẹ wo ojú ibẹ̀! Ẹ wo bó ṣe tẹ̀ wọnú! Orí ọ̀gá sójà ló wà níbi tí ìka mi wà yìí!"

Nítorí pé ìbọn náà kò lè dún, Abdulqoyyum ló ń bá a dún.

"Gbàù!"

"Gbàù!" ni gbogbo ilé á dáhùn, nọ́ọ̀sì tó ń sùn á ta gìrì.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ààrẹ lára débi pé ó pàṣẹ kí wọ́n yí àga òun kọjú sí ìlà-oòrùn, ibi tí Bọ́mà wà. Akápò di Kọ́nẹ́ẹ̀lì Àpò. Àwọn obìnrin tó ń se ìrẹsì di Bàtálíọ̀nù Kejì. Ẹni tó bá pẹ́ dé mítìn-ìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ́ sàlúùtù fún àpótí kó tó jókòó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà láti máa sin òkú ẹgbẹ́ ti wà nílẹ̀ látìgbà òtútù, wọn ò tíì dé orí rẹ̀. Tí ìtàn Bọ́mà bá fi máa parí, àkókò họ́ọ̀lù á ti tán. Ṣé òkú á bínú ni? Òkú ò lè dìbò.

Lọ́jọ́ kan tí mítìn-ìn tú, Abdulqoyyum sún mọ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Ààrẹ, mò ń ronú o."

"Ronú sókè kí n gbọ́."

"Nígbà tí Bàbá Jàfárù wà lójú ogun, ṣé wọ́n sọ fún wọn pé ọdún méjì péré ni kí wọ́n fi ṣe akọni?"

"Rárá o."

"Kí ló wá dé tí ọmọ ọmọ wọn á máa du ìbò kiri, bíi ti àwọn tí bàbá wọn ò rí Bọ́mà? Ẹ jẹ́ ká fi yín ṣe Ààrẹ Títí Láé."

Sàláhúdéènì di ojú. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì.

"Abdulqoyyum, èmi ò bèèrè fún un o."

"Ẹ ò bèèrè, sà. Ìtàn ló bèèrè."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi ìbò Ààrẹ Títí Láé sí Sunday tó ń bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, Sàláhúdéènì ò lè jẹun mọ́ láì gbọ́ oyè náà létí. Ó ń pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú bálùwẹ̀. Ó ṣe fídíò ara rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́.

Mujeebah wo fídíò náà títí ó fi tán.

"Alhaji, ẹ rántí pé èmi ni mo wakọ̀ lọ síbi tí a ti ra nǹkan wọ̀nyí o."

"Ìtàn ńlá kì í bèèrè ẹni tó wakọ̀, Mujeebah. Ohun tí mo bẹ̀ ọ́ ni pé kó o má dá sí i."

"Mi ò dá sí i," ni Mujeebah wí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sápò.

Ẹ mọ̀ pé fídíò kì í gba físà. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, eléyìí ti dé Ìsẹ́yìn. Láti Ìsẹ́yìn ló ti padà wá sí Maryland, ó balẹ̀ sórí fóònù Màmá Kúlísúmù, ọmọ Bàbá Jàfárù kan ṣoṣo tó kù láyé, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ Rídwàn, ọmọ àbúrò rẹ̀, ní Springdale. Bàbá Jàfárù fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ìyáálé ló bí Ìdrís, bàbá Sàláhúdéènì. Ìyàwó kejì ló bí Màmá Kúlísúmù. Ìkẹta ló bí bàbá Rídwàn. Ẹ di ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí mú dáadáa, àwọn ló máa fa àga yọ lábẹ́ ẹnì kan.

Lọ́jọ́ Saturday, Màmá àti Rídwàn kan ilẹ̀kùn ní Bowie. Nígbà tí Sàláhúdéènì rí ẹni tó dúró níbẹ̀, ó ṣí fìlà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń dúró kí àrá sán. Omijé ló gbọ́.

"Sàláhú! Sàláhú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi! Ọlọ́run á gbè ọ́!" Màmá ń fi ìborùn nujú. "Bàbá mi tó ń sá fún àgbò iléyá! Àwa ọmọ la máa ń di àgbò mú, àwọn á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á ní ẹ rọra o, ó ní ìwo. Wọ́n fi wọ́n ṣẹlẹ́yà ládùúgbò títí wọ́n fi kú. Jàfárù ojo ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọn ò tíì bí mi nígbà ogun, wọn ò sì sọ fún wa rí. Àṣé sójà ni bàbá mi! Látìgbà tí mo ti wo fídíò yẹn, mò ń sunkún ayọ̀."

Ẹ̀mí Sàláhúdéènì padà sínú ara rẹ̀. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe.

"Màmá, akọni kì í sọ̀rọ̀."

"Òdodo ọ̀rọ̀!"

Rídwàn fọ́n ikun. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ìdílé. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ogún."

"Ogún wo?"

"Ogún Bàbá. Ìbọn mẹ́ta, ìdí-igi mẹ́ta, ọ̀kan fún ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Ká ní ọ̀kan péré ni, ìjà ì bá wà. Ọlọ́run ti bá wa pín in tán."

Àbí ẹ ò rí nǹkan? Ká ní ó fi irọ́ rẹ̀ mọ sórí ọ̀kan! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kà á pé mẹ́ta.

"Èmi á mú ti Jámánì," ni Rídwàn wí. "Ó bá mọ́tò mi mu, Jámánì lòun náà."

"Èyí tí bàbá mi fi kan ọ̀gá Japan lórí ni kí wọ́n fún mi," ni Màmá wí. "Mo fẹ́ gbé e délé, kí àwọn tó ń pè wọ́n ní ojo wá wò ó."

Èyí tí Sàláhúdéènì fẹ́ràn jù nìyẹn. Bó bá ní òun rà á, kò sí Ààrẹ Títí Láé mọ́. Bó bá dákẹ́, ìbọn méjì lọ. Mujeebah ń da tíì sí ife, ó ń wo ojú ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

Màmá ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ le díẹ̀.

"Ohun kan ń dùn mí. Nígbà tí Bàbá kú, Ìdrís bàbá rẹ ni àrólé. Òun ló ṣí àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó jáde sí wa, ó ní bùbá àti tẹ̀sùbáà lòun bá níbẹ̀. Àṣé ìbọn ló bá! Ó gbé ogún wa pamọ́ fún ọmọ tirẹ̀."

Ìdrís! Télọ̀ tó jẹ́ pé tó bá gé aṣọ tán, á di èékù rẹ̀ jọ, èyí tí kò tó ìka ọwọ́, á ní kí Sàláhúdéènì sáré gbé e bá oníbàárà. "Kì í ṣe tiwa," lohun tó máa ń wí. Nǹkan gún Sàláhúdéènì láyà. Ṣùgbọ́n oyè náà tún pè é létí, ohùn rẹ̀ dùn ju ti àyà lọ.

"Ẹ fi orí jì í, Màmá," ló wí. "Lẹ́yìn ìbò ọ̀la, màá kó ìbọn méjì lé yín lọ́wọ́."

Mujeebah gbé ife kalẹ̀. Ife náà dún ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, họ́ọ̀lù kún. Abdulqoyyum ti gbé máìkì.

"Ẹ̀yin ènìyàn! Ta ni oòrùn ń yọ fún? Ta ni tíréènì New Carrollton ń dúró dè? Mo ní Ààrẹ wa! Àgbàrá tó gbé àpáta! Ọmọ ọmọ ẹni tí ẹkùn kí! Lónìí, a ò dìbò. Ìbò kéré. Lónìí, a fẹ́ fi òǹtẹ̀ lu ohun tí Ọlọ́run ti kọ!"

"Gbàù!"

"Mo rí ẹni tí kò dún dáadáa níbẹ̀ yẹn! Gbàù!"

"Gbàù!"

Sàláhúdéènì jókòó, ó kọjú sí Bọ́mà, ó ń wú bí búrẹ́dì. Ìmáàmù fẹ́ ṣàdúà kí wọ́n tó bèèrè ẹni tó fara mọ́ ọn. Abdulqoyyum ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọmọ akọni fúnra rẹ̀, ó gbé máìkì lé Màmá Kúlísúmù lọ́wọ́.

Màmá dúpẹ́. Ó ní òun wá rí i pé òun ní bàbá. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fa ikun. Ó wá yíjú sí Ìmáàmù.

"Alfa, ẹ bá wa tọrọ ohun kan. Ẹ̀gbọ́n mi Ìdrís, bàbá Ààrẹ yìí, ó jẹ ogún ọmọ òrukàn. Ìbọn tó jẹ́ tiwa, ó gbé e pamọ́, ó sì purọ́ fún wa lójú òkú. Èmi ti fi orí jì í. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run kó má fi iná jó o nítorí olè tó jà."

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí Kùránì sọ nípa ẹni tó bá jẹ ohun ìní ọmọ òrukàn: iná ló ń jẹ sínú. Ìmáàmù mí kanlẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Gbogbo ọwọ́ tó wà nínú ilé náà gòkè tẹ̀lé e.

"Ọlọ́run Ọba, ẹrú rẹ Ìdrís, lórí olè tó jà…"

Ẹnu gbogbo ènìyàn ti là fún àmín. Sàláhúdéènì rí bàbá rẹ̀ lójú ara rẹ̀, ó di èékù aṣọ lọ́wọ́. Kò mọ ìgbà tó fo àga.

"Ẹ má ṣàmín! Ẹ má ṣàmín o! Bàbá mi kì í ṣe olè! Èmi ni mo ra ìbọn! Mo fi owó mi rà á lọ́wọ́ ìyá òyìnbó kan! Bàbá bàbá mi ò dé Bọ́mà!"

Ojú tí Abdulqoyyum dì fún àdúà ti di oorun. Ohùn ọ̀gá rẹ̀ tó gbọ́ ló jí i, ohun tó mọ̀ láti ṣe ló ṣe.

"Gbàù!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Rídwàn ló kọ́kọ́ fò dìde. "Irọ́ ni! Kò fẹ́ pín in ni! Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́, ó fẹ́ gba ogún mọ́ wa lọ́wọ́!"

"Òótọ́ ni Rídwàn sọ!" ni ẹnì kan ké lẹ́yìn. "Ṣé ìbọn tí gbogbo wa ń dìde fún ni wọ́n rà lọ́jà?"

"Ààrẹ, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Ẹ má sẹ́ akọni nítorí irin!"

Ẹ gbà mí! Ọdún mẹ́rin ló fi purọ́, wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́. Òótọ́ kan ṣoṣo ló sọ yìí, wọ́n fẹ́ lù ú. Ó ń búra, wọ́n ń hó lé e lórí. Ó yíjú sí àárín àwọn obìnrin.

"Mujeebah! Jọ̀ọ́, bá mi sọ̀rọ̀!"

Mujeebah tún ìborùn rẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe lápá ọ̀tún. Ó tún un ṣe lápá òsì.

"Ẹ ní kí n má dá sí i."

"Mo bẹ̀ ọ́, ìyàwó mi. Nítorí Bàbá."

Ó dìde. "Èmi ni mo wakọ̀," ló wí. "Ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ọwọ́ ìyá arúgbó kan la ti rà á, opó ni, bàbá ọkọ rẹ̀ ló ni í. Alhaji ná an títí ìyá yẹn fi fún wa ní ápù torí ó rò pé ebi ń pa á. Bàbá Ìdrís tí ẹ ń dárúkọ, mo mọ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n rán aṣọ ìgbéyàwó mi, òwú bíńtín tó ṣẹ́ kù, wọ́n dá a padà. Kí Ọlọ́run forí ji ẹni tó wà láàyè nínú bàbá àti ọmọ."

Àmín tí wọ́n ṣe sí ìyẹn, ó mi fèrèsé.

Kí ni mo tún fẹ́ sọ nípa ìbò? Abdulqoyyum ti ń wá ẹlòmíì tó máa yí àga fún. Ẹnì kan yí i kúrò lọ́nà Bọ́mà, wọ́n fi alága onígbà díẹ̀ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìsìnkú kí ìrun Aláásárì tó tó. Sàláhúdéènì gbé àpótí rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó dìde. Nọ́ọ̀sì yẹn sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Rídwàn bínú, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Màmá Kúlísúmù wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ Mujeebah, ó gba àpótí lọ́wọ́ Sàláhúdéènì, ó gbé e lé itan. Wọ́n forí lé Bowie.

"O gba sójà lọ́wọ́ mi, Sàláhú."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Ojo ni mo tún máa gbé padà sí Ìsẹ́yìn." Ó ṣí àpótí, ó fi ìka wá ojú ibi tó tẹ̀ nídìí ìbọn náà. "Òyìnbó tó ni ín ńkọ́? Orí ta ló fi èyí kàn?"

Sàláhúdéènì yíjú padà. Ní gbogbo ọdún tó fi jẹ Ààrẹ, kò sẹ́ni tó bi í ní òtítọ́ ìbọn yìí rí, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀.

"Kò kan orí ẹnikẹ́ni, Màmá. Ọkùnrin tó ni í bá àwọn sójà wa dé Bọ́mà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kò yìn ín rí. Ìyá yẹn ní tí ìbọn bá ti ń dún, inú kòtò lọkùnrin náà máa ń wà, á fi ọwọ́ di etí. Èèkàn àgọ́ ló ń fi ìdí rẹ̀ gbá wọlẹ̀. Èèkàn àgọ́ ló tẹ̀ ẹ́."

Èjìká Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mujeebah wo dígí ọkọ̀, ó rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ìborùn fi bọ́ lórí rẹ̀, ó sì gbé ìbọn náà mọ́ àyà.

"Ìyẹn," ló wí, "ìyẹn gan-an ló jọ bàbá mi."